Físà ọlọ́dún márùn-ún Amẹ́ríkà: bí ó ṣe di olóṣù mẹ́ta, àti ohun tó kù fún ẹni tó ń lọ tó sì ń bọ̀

Ní ọjọ́ kẹjọ, oṣù keje, ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé láti ọjọ́ náà lọ, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú físà ìgbà díẹ̀ tí wọ́n bá fún ọmọ Nàìjíríà kò ní lò ju oṣù mẹ́ta lọ, àti pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹni tó gbà á lè fi wọ orílẹ̀-èdè náà. Kí ìkéde yìí tó jáde, físà àbẹ̀wò tí àwọn èèyàn mọ̀ sí B1/B2 lè lo ọdún márùn-ún gbáko nínú ìwé ìrìnnà, ẹni tó ní in sì lè lọ kí ó sì bọ̀ iye ìgbà tó bá wù ú. Kò tó oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà tí Ààrẹ Donald Trump fi fọwọ́ sí ìkéde mìíràn tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ, èyí tó dá fífún ọmọ Nàìjíríà ní físà àbẹ̀wò tuntun àti ti akẹ́kọ̀ọ́ dúró láti ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2026. Àwọn kan gbọ́ èyí, wọ́n ní gbogbo físà ọmọ Nàìjíríà ti di òfo. Àwọn mìíràn ní kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, pé ẹnu lásán ni. Kò sí èyí tó jóòótọ́ nínú méjèèjì, nítorí náà ni ó fi yẹ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn tí àyípadà yìí kọ́kọ́ bà kì í ṣe àwọn tó fẹ́ kó kúrò nílùú pátápátá. Ẹni tó bá ti pinnu láti jápa kò bìkítà bóyá físà rẹ̀ lè gbé e wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn tí físà ọlọ́dún gbọọrọ wúlò fún ni àwọn tí ilé wọn wà níbí, tí iṣẹ́ wọn wà níbí, ṣùgbọ́n tí ọ̀ràn ẹbí àti iṣẹ́ ń gbé wọn rékọjá òkun lóòrèkóòrè. Ìyá tó lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin wẹ ọmọ tuntun ní Houston wà lára wọn, tí yóò tún ní láti palẹ̀ ẹrù mọ́ nígbà tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ ọkùnrin bá bímọ ní Maryland lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Oníṣòwò tó ń lọ wo ọjà kí ó tó sanwó rẹ̀ wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni olùkọ́ yunifásítì tí wọ́n ń pè sí àpérò lọ́dọọdún, òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ìjọ rẹ̀ ní ẹ̀ka ní Texas, àti bàbá àgbà tó gbọ́dọ̀ padà lọ rí dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ohun tó pa gbogbo wọn pọ̀ ni pé wọ́n máa ń padà wálé. Lójú tèmi, orí àwọn wọ̀nyí gan-an ni ẹrù náà sọ̀kalẹ̀ lé jù, bẹ́ẹ̀ ẹ̀sùn dídúró kọjá ọjọ́ tí wọ́n torí rẹ̀ gbé òfin náà kalẹ̀ kò kàn wọ́n.

Ohun mẹ́ta ló máa ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ físà, tí a kò bá sì yà wọ́n sọ́tọ̀, a kò ní mọ ohun tó yí padà gan-an. Ọ̀kan ni àkókò tí físà fi wúlò, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé yóò parí. Èkejì ni iye ìgbà tí a lè fi wọlé. Ẹ̀kẹta ni iye ọjọ́ tí a lè lò nígbà tí a bá débẹ̀, èyí kò sì sí lára físà rárá. Físà Amẹ́ríkà kò ju ìwé tó fún èèyàn láyè láti dé ẹnu ibodè kí ó sì béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí òun wọlé. Òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè tó jókòó sí pápákọ̀ òfurufú ni yóò pinnu bóyá ẹni náà yóò wọlé, òun náà ni yóò sì dá ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kúrò fún un, tí wọn yóò kọ sínú àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní I-94. Fún ẹni tó lọ ṣe àbẹ̀wò, oṣù mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń fún un, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ náà lè fún un ní èyí tó kéré sí i.

Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé físà ọlọ́dún márùn-ún kò fìgbà kan jẹ́ àṣẹ láti gbé ní Amẹ́ríkà fún ọdún márùn-ún. Ní ìdà kejì, físà olóṣù mẹ́ta kò túmọ̀ sí pé ẹni náà gbọ́dọ̀ kúrò kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ẹni tó bá wọlé nígbà tí físà rẹ̀ ku ọjọ́ kan péré lè gba oṣù mẹ́fà lẹ́nu ibodè, kò sì rú òfin kankan bí ó bá lò ó tán. Ohun tí àyípadà oṣù keje mú kúrò ni àǹfààní àtipadà lọ láìtún tọ ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba wọn lọ. Ó yẹ kí ẹni tó ní òbí lọ́hùn-ún mọ èyí dáadáa, nítorí mo ti gbọ́ nípa àwọn àgbàlagbà tí wọ́n sáré gbé wọnú ọkọ̀ òfurufú padà wálé nítorí pé ọjọ́ orí físà wọn ti fẹ́ parí, nígbà tí I-94 wọn ṣì fún wọn ní oṣù púpọ̀. Mo sì ti gbọ́ nípa àwọn tó ṣe òdìkejì èyí, tí wọ́n rò pé bí físà ṣe ṣì ku ọdún mẹ́ta, kò sí ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ bí àwọn bá lo ọdún kan.

Ìyà tó wà nínú irú èyí kò kéré. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, ẹni tó bá dúró kọjá ọjọ́ tí wọ́n dá fún un, físà tó fi wọlé ti di òfo láti ọjọ́ náà, ì báà ṣẹ́ ku ọdún mẹ́rin lára rẹ̀. Bí ó bá fi ju ọgọ́sàn-án ọjọ́ lọ tí kò tíì pé ọdún kan kí ó tó kúrò, ilẹ̀kùn yóò tì mọ́ ọn fún ọdún mẹ́ta. Bí ó bá lo ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kọjá ọjọ́ tí wọ́n dá, ọdún mẹ́wàá ni. Ẹni tí àìsàn tàbí ọ̀ràn mìíràn bá dá dúró lè béèrè fún àfikún ọjọ́ lọ́wọ́ USCIS, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn àlejò ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ̀wé béèrè kí ọjọ́ tí wọ́n dá fún un tó pé.

Iye ọdún tí wọ́n ń fún wa lórí físà ti ń lọ sókè sódò tipẹ́. Ìlànà tí Amẹ́ríkà ń tẹ̀ lé ni pé bí orílẹ̀-èdè kan bá ṣe ń ṣe sí ọmọ Amẹ́ríkà ni àwọn náà yóò ṣe sí ọmọ orílẹ̀-èdè náà, yálà lórí owó tàbí lórí iye ọdún. Ìlànà yìí ni wọ́n tọ́ka sí ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ, ọdún 2019, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gba àfikún owó lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bá ti gbà láti fún ní físà. Ti àbẹ̀wò jẹ́ dọ́là 110. Ohun tí wọ́n sọ ni pé owó tí Nàìjíríà ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ti pọ̀ jù, àwọn sì ti bá ìjọba wa sọ ọ́ fún oṣù méjìdínlógún láìrí ojútùú. Nàìjíríà dín owó tirẹ̀ kù, wọ́n sì mú àfikún owó náà kúrò ní ọjọ́ kẹta, oṣù kejìlá, ọdún 2020. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní, oṣù kẹta, ọdún 2023, físà àbẹ̀wò tó ti ń lo ọdún méjì tẹ́lẹ̀ di ọlọ́dún márùn-ún. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló fi èyí ṣètò ìgbé ayé wọn: wọ́n mọ̀ pé bí ìyá bá ti gbà á lẹ́ẹ̀kan, ọmọ mẹ́ta lè bímọ kí ó tó tún di pé ó ń lọ tò.

Kí ló wá dé ní ọdún 2025? Ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà sọ pé àtúnyẹ̀wò tó ń lọ káàkiri àgbáyé ló fà á, àti pé ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wò lára orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan: bóyá ìwé ìrìnnà rẹ̀ ṣe é gbára lé, bóyá àwọn ọmọ rẹ̀ ń kúrò lásìkò tí wọ́n dá fún wọn, àti bóyá ó ń fún Amẹ́ríkà ní ìròyìn nípa àwọn tó ní ẹ̀sùn ọ̀daràn tàbí tí wọ́n lè jẹ́ ewu fún ààbò. Nàìjíríà nìkan kọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Ghana, Cameroon àti Ethiopia wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìjọba àpapọ̀ wa fèsì pé àyípadà náà kò bá ohun tí àwọn ń ṣe fún ọmọ Amẹ́ríkà mu, pé Nàìjíríà ń fún wọn ní físà ọlọ́dún márùn-ún tó gba ìwọlé léraléra, àti pé físà orí ayélujára tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, oṣù karùn-ún, ọdún 2025 wà fún àwọn tó ń bọ̀ fún ìgbà díẹ̀ nìkan, kò sì gba ipò ti ọlọ́dún márùn-ún.

Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn kan náà ni Yusuf Tuggar, tó jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nígbà náà, sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé Amẹ́ríkà ń tẹ àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mọ́lẹ̀ láti gba àwọn ọmọ Venezuela tí wọ́n fẹ́ lé jáde, àti pé Nàìjíríà kò lè gbà wọ́n. Àwọn èèyàn so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀, àwọn kan sì fi ti BRICS kún un, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè bíi Brazil, Russia, India àti China, nítorí pé Nàìjíríà ti di alábàáṣe ẹgbẹ́ náà ní oṣù kìíní ọdún náà. Ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà jáde láti sọ pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ ìdí rẹ̀: kì í ṣe ti àwọn tí wọ́n lé jáde, kì í ṣe ti físà orí ayélujára, kì í sì í ṣe ti BRICS.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ghana ni kò jẹ́ kí àwọn èèyàn gba àlàyé yìí tán. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, Ààrẹ John Mahama kéde pé Ghana ti gbà láti máa gba àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Amẹ́ríkà bá lé jáde, àti pé àwọn mẹ́rìnlá ti dé, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà lára wọn. Kí oṣù náà tó parí, Samuel Okudzeto Ablakwa tó jẹ́ mínísítà wọn fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè kéde pé Amẹ́ríkà ti mú ìdíwọ́ orí físà kúrò, àti pé àwọn ọmọ Ghana lè tún máa gba ọlọ́dún márùn-ún. Àwọn aláṣẹ Ghana sọ pé nítorí ìfẹ́ ọmọ ìyá tó wà láàárín àwọn ọmọ Áfíríkà ni àwọn ṣe gba àwọn èèyàn náà. Èmi kò ní sọ ju ohun tí a rí lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá to àwọn ọjọ́ náà tẹ̀ léra yóò rí i pé iye ọdún tó wà lórí físà ti di ohun tí ìjọba fi ń dúnàádúrà láàárín ara wọn, àti pé ìyá tó fẹ́ lọ wẹ ọmọ kò sí nídìí ìdúnàádúrà náà.

Ní ti àwọn tó ń dúró kọjá ọjọ́, nọ́ńbà wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí a wò dáadáa. Ìkéde tí Ààrẹ Trump fọwọ́ sí ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kejìlá, ọdún 2025 sọ pé nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tó fi físà àbẹ̀wò wọlé, ìdá 5.56 nínú ọgọ́rùn-ún ló dúró kọjá ọjọ́ wọn. Ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tó lọ fún pàṣípààrọ̀ ìmọ̀ jẹ́ ìdá 11.90. Fún àfiwé, ti Tógò lórí físà àbẹ̀wò, nínú irú ìkéde bẹ́ẹ̀ tí Trump fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, jẹ́ ìdá 19.03. A kò gbọ́dọ̀ fojú kéré nọ́ńbà yìí, nítorí pé ẹnì kọ̀ọ̀kan tó wà nínú rẹ̀ ti mú kí ọ̀nà nira sí i fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Síbẹ̀, ohun tí ìdá 5.56 ń sọ ni pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà tó lọ ṣe àbẹ̀wò, ó lé ní mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún tó kúrò lásìkò. Àwọn mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún yìí ni físà olóṣù mẹ́ta fìyà jẹ, nítorí pé ẹni tó bá dúró tí kò padà kò nílò ìwọlé kejì.

Èmi tún rò pé òfin náà lè ba ohun tó fẹ́ tún ṣe jẹ́. Físà ọlọ́dún márùn-ún máa ń fún èèyàn ní ìdí pàtàkì láti padà sílé lásìkò, nítorí pé bí ó bá dúró kọjá ọjọ́ kan, gbogbo ọdún tó kù lórí físà náà ló pàdánù. Ẹni tó ní ohun tó lè sọnù máa ń ṣọ́ra. Nígbà tí físà bá sì jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, tí kò dájú pé òmíràn yóò tẹ̀ lé e, ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń sunkún pé kí ó má tíì lọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí ro ohun tí kò ní rò tẹ́lẹ̀.

Ìnáwó rẹ̀ náà kò kéré. Owó ìbéèrè fún físà àbẹ̀wò jẹ́ dọ́là 185 láti oṣù kẹfà ọdún 2023, wọn kì í sì í dá a padà bí wọn kò bá fún èèyàn ní físà náà. Lábẹ́ ìlànà ti tẹ́lẹ̀, owó yìí lè bo ìrìn àjò mẹ́wàá. Lábẹ́ ti olóṣù mẹ́ta, ìrìn àjò kan ló bò. Òfin tí Ààrẹ Trump fọwọ́ sí ní ọjọ́ kẹrin, oṣù keje, ọdún 2025 tún gbé owó mìíràn kalẹ̀ tó jẹ́ dọ́là 250 lórí físà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àyè pé wọ́n lè dá a padà fún ẹni tó bá pa òfin mọ́. Láti ọjọ́ kejì, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2025, àwọn arúgbó tó ti kọjá ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin àti ọmọdé tí kò tíì pé mẹ́rìnlá, tí wọ́n máa ń yọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, gbọ́dọ̀ máa lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fúnra wọn. Ní oṣù kan náà ni wọ́n kéde pé orílẹ̀-èdè ẹni tàbí ibi tí èèyàn ń gbé ni kí ó ti béèrè fún físà. Kí wọ́n tó kéde èyí, àwọn tí ìlà Èkó àti Àbújá bá gùn jù fún máa ń gba orílẹ̀-èdè mìíràn lọ. Fún àgbàlagbà tó ń gbé ní Ìkìrun tàbí Ọ̀wọ̀, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ pẹ̀lú ti ibùsùn ni yóò ná nítorí ìṣẹ́jú díẹ̀ tí yóò fi dúró níwájú fèrèsé wọn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà fara gbá a. Físà olóṣù mẹ́ta kò lé wọn kúrò nílé ìwé, nítorí pé ipò akẹ́kọ̀ọ́ ló ń mú wọn dúró níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wálé fún ìsìnkú òbí rẹ̀ ti fi ìwọlé kan ṣoṣo tó ní rúbọ, kò sì lè padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ rẹ̀ láìgba físà mìíràn.

Ìkéde oṣù kejìlá wá gbé gbogbo èyí lọ sí ipò mìíràn. Ó fi Nàìjíríà sínú àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n dá apá kan físà wọn dúró, Orílẹ̀-èdè Benin sì wà nínú àkójọ kan náà. Tógò ti wà níbẹ̀ láti oṣù kẹfà. Fún Nàìjíríà, yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń dúró kọjá ọjọ́, ìkéde náà tún dárúkọ Boko Haram àti àwọn oníjàgídíjàgan Islamic State gẹ́gẹ́ bí ìdí, pé wọ́n ń mú kí ó ṣòro láti mọ ẹni tó ń bọ̀. Físà tó kàn ni ti àbẹ̀wò àti òwò, ti akẹ́kọ̀ọ́, ti pàṣípààrọ̀ ìmọ̀, àti ti àwọn tó fẹ́ lọ gbé ibẹ̀ títí. Àwọn kan wà tí kò kàn: ẹni tó ní físà tó ṣì wúlò ní ọjọ́ tí òfin náà bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ní green card (ìwé àṣẹ láti máa gbé Amẹ́ríkà títí), àwọn aṣojú ìjọba, àwọn eléré ìdárayá àti olùkọ́ni wọn tó ń lọ fún ìdíje ńlá bíi ife ẹ̀yẹ àgbáyé, àti ẹni tó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè méjì tó sì fi ìwé ìrìnnà èkejì rìn. Ọmọ Yorùbá ní London tó ní ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì lè lọ rí àbúrò rẹ̀ ní Atlanta gẹ́gẹ́ bí ó ti ń lọ tẹ́lẹ̀. Ìyá tó bí àwọn méjèèjì, tí ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nìkan wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí físà rẹ̀ sì ti parí, kò lè bá a lọ. Ìyẹn ni ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dun àwọn ìdílé jù.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026, wọ́n tún fi Nàìjíríà kún àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n lè ní kí ọmọ wọn fi owó ìdúró sílẹ̀ kí ó tó gba físà àbẹ̀wò. Owó náà jẹ́ dọ́là 5,000, tàbí 10,000, tàbí 15,000, bí òṣìṣẹ́ tó fọ̀rọ̀ wá ẹni náà lẹ́nu wò bá ṣe rí i sí, wọn yóò sì dá a padà bí ó bá kúrò lásìkò. Malawi àti Zambia ni wọ́n kọ́kọ́ fi dánwò ní oṣù kẹjọ ọdún 2025. Níwọ̀n bí físà àbẹ̀wò fúnra rẹ̀ ti dúró, àwọn díẹ̀ tí wọ́n yọ sílẹ̀ nìkan ni èyí lè kàn báyìí, àmọ́ yóò wà níbẹ̀ bí wọ́n bá tún ṣílẹ̀kùn.

Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rìn léraléra ti kọjú sí Ìlú Ọba, níbi tí físà ọlọ́dún gbọọrọ ṣì wà. Oríṣi mẹ́rin ni wọ́n ní: olóṣù mẹ́fà, ọlọ́dún méjì, ọlọ́dún márùn-ún àti ọlọ́dún mẹ́wàá. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹrin, ọdún 2025, olóṣù mẹ́fà di pọ́n-ùn 127, ọlọ́dún méjì di 475, ọlọ́dún márùn-ún di 848, ọlọ́dún mẹ́wàá sì di 1,059. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ọlọ́dún méjì kò sàn ju kí èèyàn máa gba olóṣù mẹ́fà lọ àyàfi bí yóò bá lọ lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ọdún méjì náà; ti ọlọ́dún márùn-ún gba ìrìn àjò méje, ti ọlọ́dún mẹ́wàá gba mẹ́sàn-án. Ẹni tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún fún ìpàdé ẹbí yóò rí i pé ti ọlọ́dún mẹ́wàá ló sàn fún un jù, bí ó bá dá a lójú pé wọn yóò fún un. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà, nítorí pé Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba wọn tó ń bójú tó físà, lè fún èèyàn ní èyí tó kúrú ju ohun tó béèrè lọ, wọn kì í sì í dá owó padà, yálà wọ́n gé ọdún rẹ̀ kù tàbí wọ́n kọ̀ ọ́ pátápátá. Àwọn tó lọ bẹ ẹbí wò kò tún ní ẹ̀tọ́ sí ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ní i rí; láti oṣù kẹfà ọdún 2013 ni wọ́n ti mú un kúrò.

Bí ọdún orí físà náà bá gùn tó wù ó gùn, oṣù mẹ́fà ni èèyàn lè lò nínú ìrìn àjò kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè tí àwọn èèyàn máa ń béèrè ni bóyá wọ́n lè lo oṣù mẹ́fà, kí wọ́n wálé fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n sì tún padà. Òfin wọn kò dá iye oṣù kan pàtó fún ọdún kan, nítorí náà ẹni tó ń sọ pé oṣù mẹ́fà nínú méjìlá ni òfin, kò sọ ọ́ bí ó ṣe wà. Ohun tí òfin náà sọ ni pé àlejò kò gbọ́dọ̀ fi àbẹ̀wò léraléra sọ Ìlú Ọba di ibùgbé rẹ̀. Òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè yóò wo ìgbà tí ẹ lò kẹ́yìn, iye ọjọ́ tí ẹ fi wà nílé kí ẹ tó padà, àti ohun tí ẹ sọ pé ẹ ń bọ̀ wá ṣe. Bí ìyá àgbà bá ń lo oṣù tó pọ̀ lọ́dọ̀ ọmọ ju èyí tó ń lò nílé ara rẹ̀ lọ, físà ọlọ́dún mẹ́wàá kò ní gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ ìbéèrè. Àwọn òbí tó ń tọ́jú ọmọ-ọmọ nígbà tí àwọn ọmọ wọn bá lọ síbi iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí sábà máa ń dé bá. Lójú ẹbí, ìfẹ́ ni. Lójú òṣìṣẹ́ ibodè, bí ó bá ti di ohun tí ìyá náà wà níbẹ̀ fún, iṣẹ́ ni, àlejò kò sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́.

Àwọn orílẹ̀-èdè Schengen ní Yúróòpù, tí físà kan náà wà fún gbogbo wọn, ní ètò tiwọn, tó dà bí àtẹ̀gùn. Láti oṣù kejì ọdún 2020, ẹni tó bá ti gba físà mẹ́ta láàárín ọdún méjì tó sì lò wọ́n bí ó ti yẹ lè gba ọlọ́dún kan tó gba ìwọlé léraléra. Ẹni tó bá lo ọlọ́dún kan dáadáa lè bọ́ sí ọlọ́dún méjì, kí ó sì ti ibẹ̀ bọ́ sí ọlọ́dún márùn-ún. Owó rẹ̀ jẹ́ yúrò 90 láti oṣù kẹfà ọdún 2024. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ nínú ọgọ́sàn-án ni èèyàn lè lò, ohun tó sì ti yí padà ni pé láti ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀rọ gba àmì ìka àti àwòrán ojú lẹ́nu ibodè dípò òǹtẹ̀ inú ìwé ìrìnnà. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ mọ́ pé òǹtẹ̀ ti pa rẹ́ tàbí pé òṣìṣẹ́ kò lè kà á.

Fún ẹni tí físà Amẹ́ríkà ọlọ́dún márùn-ún ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tí ó yẹ kí ó mọ̀ nìyí. Ìkéde oṣù keje àti ti oṣù kejìlá kò fagi lé físà tí wọ́n ti fún èèyàn ṣáájú. Bí ìwé ìrìnnà tí físà náà wà nínú rẹ̀ bá ti parí, kò sọ físà náà di òfo: ẹ mú ti àtijọ́ àti tuntun dání pọ̀, ẹ má sì fi ọwọ́ ara yín yọ ọ́ kúrò nínú èyí tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ wo I-94 yín lórí ayélujára gbàrà tí ẹ bá ti dé, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tó wà níbẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tó gbà yín lálejò, nítorí ọjọ́ yẹn ni òfin ń wò. Ẹ tọ́jú ẹ̀rí pé ẹ kúrò lásìkò, bíi ìwé ìwọkọ̀ òfurufú àti òǹtẹ̀ ìwọlé ti Nàìjíríà. Ìkéde oṣù kejìlá ní kí àwọn ilé iṣẹ́ tó kàn máa ṣe àtúnyẹ̀wò àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àkójọ náà ní ọgọ́sàn-án ọjọ́ ọgọ́sàn-án, kí wọ́n sì jábọ̀ fún ààrẹ bóyá kí wọ́n tú wọn sílẹ̀ tàbí kí wọ́n fi kún un. Nínú àwọn físà ọlọ́dún márùn-ún tó wà nílẹ̀, àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n fún èèyàn ní oṣù kẹta ọdún 2023 yóò parí ní oṣù kẹta ọdún 2028, àwọn tí wọ́n sì fún èèyàn gbẹ̀yìn kí ìkéde tó jáde ṣì lè gbé wọn wọlé títí di oṣù keje ọdún 2030.